Gáàsì tí wọ́n ń sun dànù: ṣé ó ṣeé sọ di dísù lójú kànga?

EtíÒkun

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin àgbà nídìí gáàsì. Ká ní kànga epo kan wà létíkun, tí gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì lójúmọ́, tí wọ́n sì ń dáná sun gbogbo rẹ̀. Kò sí páìpù gáàsì nítòsí. Òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 sọ nígbà náà pé kí ilé iṣẹ́ tó bá ń wa epo tó tó 10,000 àgbá lójúmọ́ san dọ́là 2 lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sun, kí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ san ààbọ̀ dọ́là.

Ilé iṣẹ́ Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta ń sọ gáàsì di dísù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Dísù mélòó ló lè jáde nínú mílíọ̀nù 10 yẹn? Kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé "ó wọ́n". Ibi tí owó ń wọlẹ̀ sí ni kí ẹ fi hàn mí.

Alágbẹ̀dẹ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Gáàsì tí wọ́n ń fi òtútù sọ di omi ní Bonny ṣì ni gáàsì: bó bá ti móoru, á padà sí bó ṣe wà. Ti Escravos kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n tú gáàsì náà palẹ̀, tí wọ́n wá tún un hun di epo. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Jámánì, Franz Fischer àti Hans Tropsch, ló gbé ọ̀nà ìhun yìí kalẹ̀ ní Mülheim ní nǹkan bí ọdún 1925.

Ìfọ̀mọ́ ló ṣáájú. Ẹ yọ omi, ẹ yọ mákúrì (ó máa ń jẹ álúmínọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀rọ òtútù), kí ẹ sì yọ àwọn èròjà wíwúwo tó ṣeé tà bíi gáàsì ìdáná. Lẹ́yìn náà ni imí ọjọ́. Gáàsì á gba inú síǹkì ọ́ksáídì kọjá ní bíi 350 sí 380°C, títí imí ọjọ́ tó kù kò fi ní ju nǹkan bí 20 lọ nínú bílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá fojú kéré ìpele yìí á rà á padà lówó gọbọi, torí kóbáltì (kátálíìsì, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ìhun yára) tí imí ọjọ́ bá ti bà jẹ́ kò ṣeé fọ̀ padà.

Ìpele kejì ni ìtúpalẹ̀. Gáàsì, ooru omi àti ọ́síjìn á pàdé lẹ́nu bọ́nà nínú ìkòkò irin tí wọ́n fi bíríkì tó ń gba iná tẹ́ nínú. Ìwọ̀n ooru omi jẹ́ bíi 0.6 sí kábọ̀n kan. Ọ́síjìn náà kò ju bíi 0.6 lọ, kí gáàsì má bàa jóná tán. Á gba orí níkẹ́lì kọjá, á sì jáde ní nǹkan bí 1,000°C. Ohun tó jáde yìí ni wọ́n ń pè ní síńgáàsì: kábọ̀n mọ́nọ́ksáídì kan, haidirójìn méjì. Méjì sí ẹyọ kan yẹn gan-an ni ìpele tó kàn fẹ́. Bí ẹ bá lo ooru omi nìkan láìsí ọ́síjìn, haidirójìn á di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ ó fi èlé yẹn sí.

Ìpele kẹta ni ìhun. Síńgáàsì á wọ inú ìkòkò kóbáltì ní 210 sí 230°C, ní ìtẹ̀ bíi 20 sí 25 bar. Ní Escravos, ìmọ̀ Sasol, ilé iṣẹ́ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n lò: ìyẹ̀fun kóbáltì ń léfòó nínú ìda yíyọ́, síńgáàsì ń hó gba àárín rẹ̀ kọjá, páìpù omi sì wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ooru lọ. Ti Shell ní ilé iṣẹ́ Pearl, ní Qatar, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni: ìkòkò 24, páìpù bíi 29,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìda ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde, kì í ṣe dísù. Ẹ ó tún fi haidirójìn gé ìda náà ní bíi 350°C kó tó di dísù, kẹrosíìnì àti náfítà (epo tó fúyẹ́ ju kẹrosíìnì lọ). Ó lè dà bíi pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìkòkò hun dísù tààrà á gba gáàsì wẹ́wẹ́ púpọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ́ kó hun ìda gígùn, tó wá gé e, ló ń jèrè.

Ìyá_Ìṣirò

Ọ̀gá Alágbẹ̀dẹ ti sọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ jẹ́ kí n wọn ún.

Escravos ń gba 325 mílíọ̀nù ẹsẹ̀ lójúmọ́, ó sì ń mú 33,000 àgbá jáde. Ìyẹn jẹ́ bíi 10,000 ẹsẹ̀ fún àgbá kan. Nítorí náà, mílíọ̀nù 10 yín á fún yín ní 1,000 àgbá, ìyẹn lítà 159,000, bí gbogbo nǹkan bá dúró dáadáa. Kì í ṣe dísù nìkan o, náfítà wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kì í sì í rí epo tó ti ńlá nínú gáàsì kan náà, nítorí náà ẹ ka 1,000 yẹn sí òkè téńté.

Ní ti agbára, àgbá epo kan ní bíi 5.5 gígájúùlù, 10,000 ẹsẹ̀ gáàsì ní bíi 10.5. Ìdajì tó wọlé ló di epo. Ìyókù di ooru.

Ooru yẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an yàn-an. Kílógíráàmù epo kan tí ìkòkò bá hun ń tú nǹkan bí 11.8 mẹ́gájúùlù sílẹ̀. 1,000 àgbá jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 124. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀: mẹ́gáwáàtì 17, tọ̀sán tòru, láti inú ìkòkò ìhun nìkan. Bí omi tó ń gbé e lọ bá dín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìkòkò á gbóná sí i. Bó bá gbóná, ìhun á yára sí i. Bó bá yára, ooru á tún pọ̀ sí i. Dísù á dín, mẹ́tẹ́ìnì (irú gáàsì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀) á pọ̀, ẹ ó kàn máa fi owó ńlá sọ gáàsì di gáàsì. Kóbáltì á sì dì pọ̀, agbára rẹ̀ á lọ.

Omi náà wà. Tọ́ọ̀nù epo kan ń bí tọ́ọ̀nù omi bíi 1.29. Lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 160, ọtí àti ásíìdì díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kò ṣeé dà sódò. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó nínú bọ́ílà.

Ọ́síjìn: bíi tọ́ọ̀nù 200 lójúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi òtútù ya ọ́síjìn kúrò lára afẹ́fẹ́ àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ owó jù lọ nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin lẹ béèrè ibi tí owó ń wọlẹ̀ sí. Ṣíṣe síńgáàsì nìkan lè kó ìdajì owó ìkọ́lé.

EtíÒkun

Mo dúpẹ́ gan-an, ìyá. Ṣé kò ṣeé ṣe kí a lo afẹ́fẹ́ lásán dípò ọ́síjìn? Àti àwọn ẹ̀rọ kékeré inú kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n ń polówó, ṣé irọ́ ni?

Ìyá_Ìṣirò

Afẹ́fẹ́ ṣeé lò, ó sì dín owó ẹ̀rọ òtútù kù. Ṣùgbọ́n náítírójìn á wọlé mọ́ ọn, bíi ìdá 40 nínú 100 síńgáàsì yín kò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ó fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mú un gbóná, ẹ ó mú un tutù, kò ní sọ ohunkóhun di epo. Èyí tó burú jù ni pé ẹ kò lè dá gáàsì tó ṣẹ́kù padà sínú ìkòkò, torí náítírójìn á máa pọ̀ sí i ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni á gba ìkòkò kọjá. Ìyókù, ẹ fi ṣe iná mànàmáná.

Ti kọ̀ntẹ́nà kì í ṣe irọ́. Ihò tín-ín-rín, mílímítà díẹ̀, ni wọ́n gbẹ́ sínú irin kí ooru lè tètè jáde, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò ìhun nìkan ni wọ́n sọ di kékeré. Ìfọ̀mọ́, bọ́ílà, ìtọ́jú omi, ẹ̀rọ tó ń gé ìda, àwọn yẹn kò kéré bí ẹ bá kó wọn jọ. Ẹni tó bá ta kọ̀ntẹ́nà kan fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tí haidirójìn tí a ó fi gé ìda ti ń wá.

Onídísù

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ohun tó ń bà á jẹ́.

Bintulu ní Malaysia, ilé iṣẹ́ Shell tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní oṣù Kejìlá 1997, ẹ̀rọ tó ń ya ọ́síjìn níbẹ̀ bú gbàmù. Iná igbó ló fà á: èéfín bo ojú ọ̀run lọ́dún yẹn, ẹ̀rọ fa eruku wẹ́wẹ́ inú èéfín náà mọ́ afẹ́fẹ́, ó kóra jọ síbi tí ọ́síjìn olómi ti ń hó, ó sì gbiná. Ẹ wá wo kànga ti ọ̀gá EtíÒkun. Iná gáàsì fúnra rẹ̀ ń rú èéfín, àwọn tó ń fọ epo nínú igbó ń rú tiwọn, ọyẹ́ sì ń dé lọ́dọọdún pẹ̀lú jíjó igbó. Ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, kó jìnnà sí iná, kó sì dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá. Ẹ máa wọn ìwọ̀n háídírókábọ̀n (èròjà bí epo tó lè gbiná) tó wà nínú ọ́síjìn olómi náà láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì máa tú díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù kó má bàa kóra jọ.

Ilé iṣẹ́ Oryx ní Qatar, tí òun náà ń lo ìmọ̀ Sasol, kò tètè dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ìyẹ̀fun kóbáltì ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń bá ìda jáde, ó sì ń dí asẹ́. Ẹni tó bá yan ìkòkò olómi-ìda gbọ́dọ̀ ná owó gidi sórí asẹ́.

Ibi kan tún wà tí Alágbẹ̀dẹ fò. Síńgáàsì tó jáde ní 1,000°C gbọ́dọ̀ tutù. Láàárín 450 sí 800°C, kábọ̀n á máa wọ inú irin, irin á sì máa jẹrà di ìyẹ̀fun dúdú. Kì í dógùn-ún, kì í là. Ẹ ó kàn bá ihò níbẹ̀ ni. Nítorí náà, bọ́ílà gbọ́dọ̀ mú síńgáàsì gba àárín ìwọ̀n yẹn kíá, kí ojú irin náà sì máa wà nísàlẹ̀ 450.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa irú iṣẹ́ yìí jù ni gáàsì fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìsọdepo ti Mossel Bay ní Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Gáàsì inú òkun wọn ń tán lọ, ní 2020 wọ́n dá ìsọdepo dúró. Gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde tún burú jù. Bí epo bá dín, òun náà á dín. Bí wọ́n bá ti kànga láti tún un ṣe, kò sí rárá. Ìkòkò tí ẹ kọ́ fún mílíọ̀nù 10 kò fẹ́ràn mílíọ̀nù 4, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tàn kí a sì pa bíi jẹnẹrétọ̀. Bọ́nà á yí, bíríkì á là, ìda á dì nínú gbogbo páìpù tí kò bá ní ohun tó ń mú un móoru.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ẹ kọ́kọ́ yọ gáàsì ìdáná jáde kí ẹ tà á, ìyẹn ló rọrùn jù. Èyí tó kù, ẹ fi ṣe iná mànàmáná tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú sílíńdà fún ọkọ̀. Ìsọdepo kì í ṣe iṣẹ́ mílíọ̀nù 10, àfi bí ẹ bá lè kó gáàsì kànga márùn-ún mẹ́fà jọ, tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé kò ní dín fún ọdún 15. Iye tí wọ́n ná sí Escravos fò láti bílíọ̀nù dọ́là díẹ̀ dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ti àwọn tó ní gáàsì nílẹ̀ nìyẹn o.

Alágbẹ̀dẹ

Mo fara mọ́ Onídísù, àfi ibì kan. Ó gbàgbé mẹ́tánọ́ọ̀lù. Síńgáàsì kan náà ni, ṣùgbọ́n bàbà pẹ̀lú síǹkì ni kátálíìsì rẹ̀, ní bíi 250°C, kò sì sí ìda tó ń dì. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣeé tà bó ṣe wà. Ní Motunui ní New Zealand, láti nǹkan bí 1985, wọ́n tún un sọ di bẹntiróòlù, bíi 14,500 àgbá lójúmọ́. Wọ́n pa ìdí bẹntiróòlù tì nígbà tó yá, mẹ́tánọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé. Ìṣòro bẹntiróòlù yẹn ni ohun kan tó ń jẹ́ durene: 79°C ló tó máa ń yọ́, nítorí náà ó máa ń dì nínú kabúrétọ̀ bí wọn kò bá dín in kù.

EtíÒkun

Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n bi ẹyọ kan sí i: bí dísù Escravos bá wọ ọjà, ṣé jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ á gbà á?

Onídísù

Á gbà á, á tiẹ̀ jó mọ́ ju èyí tí ẹ ń rà lọ. Sẹ́tẹ́ìnì rẹ̀ (ìwọ̀n bí dísù ṣe ń tètè gbiná nínú ẹ́ńjìnì) ju 70 lọ, imí ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, èéfín dúdú á dín. Ẹ ṣọ́ ohun mẹ́ta ṣá. Ó fúyẹ́, bíi 0.78 kílógíráàmù sí lítà kan nígbà tí dísù tiwa ń lọ sí 0.84, nítorí náà lítà kan rẹ̀ ní agbára tó dín ní bíi ìdá 5 nínú 100. Kò ní ọ̀rá tó ń mú pọ́ǹpù yọ̀ bọ̀rọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn rẹ̀ sí i láti táǹkì, bíi 100 sí 200 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà. Rọ́bà àtijọ́ tó ti mu dísù lásán fún ọdún púpọ̀ ti wú. Bó bá kan dísù yìí, á sún kì, pọ́ǹpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ẹ pààrọ̀ òrùka rọ́bà inú pọ́ǹpù kí ẹ tó dà á, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ dísù lásán, ìdá 30 tirẹ̀ sí ìdá 70 dísù lásán.