Ẹ̀yin ọdẹ, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìbọn mi ti wọ́?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ. Ìsánlú ni mo wà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí bàbá mi fi sílẹ̀, tó níwèé àṣẹ, já bọ́ lórí ọ̀kadà nígbà tí mo ń ti oko bọ̀, ó sì fẹnu gbá àpáta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yìn ín lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọta rẹ̀ ya sí òsì. N kò yìn ín mọ́.

Mo ṣí ìdí ìbọn náà, mo yọ kátíríìjì, mo sì ti ẹ̀yìn wo inú ihò rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó yẹ kí òjìji inú rẹ̀ dà bí òrùka tó wà láàárín ara wọn rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nítòsí ẹnu, òrùka kan fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Alágbẹ̀dẹ àdúgbò ní kí a fi iná mú un gbóná, kí òun fi òòlù lù ú tọ́. Mo kọ̀. Irin tó bá gba iná bẹ́ẹ̀ lè rọ̀, ẹ̀tù á sì fọ́ ọ mọ́ mi lójú.

Ta ló ti fi ọ̀pá irin tó gún tàbí òwú tó fà le yẹ irú èyí wò rí? Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ atúnbọnṣe tó níwèé àṣẹ ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja?