Etí MDF mi ti là, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Pẹpẹ ilé ìdáná ni mò ń kàn, MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) mìlímítà 18. Síkúrúù kẹta ni mò ń dè wọ etí pákó tó fi là bí awẹ́ obì. Ṣé kí n jù ú nù ni? Ó sì máa gbé àpò ìrẹsì kílò 20 o.

Bàbá Kẹ́hìndé (Manchester): Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má jù ú nù. Ẹ tú síkúrúù yẹn, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la ojú ibẹ̀ díẹ̀, ẹ ti gọ́ọ̀mù pákó wọnú rẹ̀, kí ẹ fi kílàǹpù há a di ọ̀la. Ẹ má padà sí ihò yẹn mọ́. Irú ihò wo lẹ kọ́kọ́ lu?

Ìyá Ìbejì: Mìlímítà 2. Síkúrúù 4 × 50 ni, mìlímítà 4 ní fífẹ̀, 50 ní gígùn.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ibẹ̀ gan-an ni! Ojú MDF le, àárín etí rẹ̀ rọ̀. Bí síkúrúù ò bá ráyè, ńṣe ló máa ya á sí méjì. Ihò 3 ni kí ẹ lu sétí, kó jìn tó bí síkúrúù ṣe máa wọlé tó. Ti pákó òkè, 4.5, kí eyín síkúrúù má mú un rárá. Wọ́ọ̀dúróòbù odidi kan ni mo fi kọ́ èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston): Mi ò gbà pé ihò nìkan ni. Bí ọrùn síkúrúù bá sanra ju ìdí rẹ̀ lọ, nígbà tí ọrùn yẹn bá ń wọlé ni pákó máa là. Èyí tó gún gbọọrọ, tí eyín rẹ̀ gùn dé orí, ni kí wọ́n lò. Síkúrúù nọ́ńbà 8 là ń lò níbí, ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì.

Bàbá Kẹ́hìndé: Íǹṣì tún dé! Ihò ni mo ṣì dúró lé.

Àǹtí Dúblìn: Ẹ̀yin méjèèjì ò béèrè bó ṣe jìnnà sí igun. Ó kéré tán, ẹ fi mìlímítà 50 sílẹ̀. Ẹ fi kílàǹpù fún etí náà lọ́tùn-ún lósì kí ẹ tó dè é. Ẹ yí òrùka onínọ́ńbà tó wà lọ́rùn dírílì sí nọ́ńbà kékeré, kí ẹ fọwọ́ parí ìyókù. Ìbòmú FFP3 o, èyí tó ń sẹ́ eruku kíkúnná! Eruku yẹn ò ṣeé fà símú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ní Manchester, òjò nìkan ti tó láti mú MDF wú.

Bàbá Kẹ́hìndé: Oòrùn Houston ń jẹ yín níyà, ẹ̀ ń bínú òjò wa. 😂

Àǹtí Dúblìn: Òórùn ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní Òkò Bàbá, ibi ìlagi l'Ékòó! Ọkàn mi fà sí i. Kò sí ohun tó ń rùn báyìí níbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má rán mi létí, àǹtí. Àti ariwo ẹ̀rọ ìlagi láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ti gọ́ọ̀mù sí i, kílàǹpù ti há a. Àpò ìrẹsì wà nílẹ̀ o, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.