Sikútà oníná nínú bárékè: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá parí ohun tí mo béèrè: ṣé àwa òṣìṣẹ́ lè máa gun sikútà oníná (ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí èèyàn ń dúró lé, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́) káàkiri bárékè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba? Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti gbà. Ti bárékè nìkan ni o, pẹ̀lú akoto lórí. A ò gbọdọ̀ gùn ún kọjá géètì, torí òfin ò fàyè gba sikútà aládàáni ní títì gbogbogbòò. Kìkì èyí tí wọ́n ń háyà fúnni láti 2020, láwọn ìlú tí ìjọba ti ń dán an wò.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló pẹ́ jù. Bátìrì lithium tó bá gbiná ṣòro pa gan-an, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáájì í ní yàrá tí èèyàn ń sùn. Ìyẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ṣeun gbogbo yín tẹ́ ẹ dá mi lóhùn.