Kọ́ọ̀sì méjì, Moodle kan náà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí a ń pín sí orí íntánẹ́ẹ̀tì àti kíláàsì yìí ká mi lára.

Kọ́ọ̀sì méjì ni mo jọ ń ṣe tí a ń kà lórí Moodle, ìyẹn ìkànnì tí olùkọ́ ń gbé iṣẹ́ kíláàsì sí, tí a sì tún ń pàdé ní kíláàsì. Nínú ti sítátísíìkì, ìyá tó ń kọ́ wa máa ń gbé fídíò kékeré síbẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ìbéèrè díẹ̀. Ibi tí kò bá yé mi, màá dá a padà títí á fi yé mi. Ta ló lè ní kí olùkọ́ tún gbólóhùn kan sọ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́? Ṣùgbọ́n fídíò nìkan kọ́ ló ṣe é. Moodle máa ń fi bí gbogbo kíláàsì ṣe dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan han olùkọ́, màmá yìí á sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan, wọn ò tiẹ̀ ṣí ìwé. Wọ́n kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: bí a bá fi 10 kún máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí standard deviation, ìyẹn bí àwọn máàkì náà ṣe fọ́n ká sí ìpíndọ́gba? Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì ti mú un pé òun náà á fi 10 pọ̀ sí i. Wọ́n ní kí kálukú bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ariwo sọ! Kí màmá tó lanu, a ti rí i fúnra wa pé gbogbo máàkì ló jọ sún síwájú, àlàfo àárín wọn ò yí padà. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Harvard, ti ń lo irú ọgbọ́n yìí láti nǹkan bí ọdún 1991.

Kọ́ọ̀sì kejì ńkọ́? PDF lóríṣiríṣi ni wọ́n kàn ń dà síbẹ̀. Kálukú gbọ́dọ̀ kọ èrò rẹ̀, kó sì fèsì fún ẹlòmíì kó tó gba máàkì. "Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ," "Òótọ́ lo sọ," láti òkè délẹ̀. Tí a bá wá dé kíláàsì, ojú ìwé kìíní la tún ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a ò ka nǹkan kan. Iṣẹ́ kan di méjì. Àánú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó jẹ́ òru nìkan ni wọ́n ń rí kàwé, ló ṣe mí jù.

Ẹ ti sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tán. Áàpù Moodle máa ń jẹ́ kéèyàn gba iṣẹ́ sórí fóònù kó kà á láìsí dátà, bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ṣí i sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìtàn tàbí lítíréṣọ̀, tí ìbéèrè yín ò ní ìdáhùn kan pàtó, báwo làwọn olùkọ́ yín ṣe ń lo ohun tí ẹ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì?