Sọ́fítíwíà wo ni kí n fi to áíkọ́ọ̀nù ojú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi?

Akọ̀wé Wúsè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Wúsè, l'Ábújá, níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a sì ń bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti orí páṣípọ́ọ̀tù títí dé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ní CAC. Windows 10 wà lórí kọ̀ǹpútà méjì, Windows 11 wà lórí ẹ̀kẹta. Nítorí pé oníbàárà máa ń dúró tì wá, ojú kọ̀ǹpútà ni a máa ń gbé fáìlì sí kí iṣẹ́ lè yá, ó sì ti kún débi pé a kò rí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Bí a bá tún so ọ̀kan mọ́ projector fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ohun tí a ti tò á fọ́n ká. Wọ́n ní Fences dára, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Ǹjẹ́ èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ wà, tí kò ní mú kọ̀ǹpútà oní-RAM 4GB falẹ̀? Ṣé wọn kì í sì í gbé fáìlì kúrò níbi tó wà? Ìwé oníbàárà ni wọ́n, n kò fẹ́ kí ọ̀kan sọnù.

Ẹlẹ́rọ Kàdúná:
Ẹ kú àmójútó, ọ̀gá. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ shortcut lásán, ìyẹn àmì tó kàn ń ṣí ohun tó wà níbòmíràn, tó jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́, kò sí ohun tó máa ṣe Word tàbí Chrome yín. Àwọn yòókù jẹ́ fáìlì oníbàárà gan-an, èyí tí ẹ kò ní rí mọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́, àfi tí ẹ bá tètè yọ ọ́ nínú Recycle Bin. Shortcut ni irú sọ́fítíwíà yìí wúlò fún jù. Folder ni fáìlì nílò.

Fences, tí ilé iṣẹ́ Stardock ní Amẹ́ríkà ṣe, máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí apá-apá bí ìsọ̀ inú ọjà, ẹ ó sì wọ́ áíkọ́ọ̀nù sínú èyí tó bá yẹ. Kì í gbé fáìlì kúrò nínú folder Desktop. Bí ẹ bá yọ Fences kúrò lọ́la, ẹ ó bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé bí ẹ bá tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ṣófo, gbogbo áíkọ́ọ̀nù á fara pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni Nimi Places, sọ́fítíwíà mìíràn tó jọ ọ́, àmọ́ folder gidi ni àpótí rẹ̀ ń ṣí, nítorí náà fáìlì tí ẹ bá wọ́ sínú rẹ̀ ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti tún un ṣe kẹ́yìn. N kò ní gbé e sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́.

Olùkọ́ Jọs:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Kàdúná sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ projector ni mo fẹ́ dáhùn. Nígbà tí ẹ bá yan Duplicate, ìyẹn kí projector máa fi ohun kan náà tó wà lójú kọ̀ǹpútà hàn, Windows sábà máa ń yí ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà padà kó lè bá ti projector mu, àyè á dín kù, áíkọ́ọ̀nù á sì ṣí nípò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, kí ẹ yan Extend, tí projector á fi di ojú kejì tó dá dúró, ìwọ̀n ti kọ̀ǹpútà yín kò ní yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní DesktopOK. Ọ̀fẹ́ ni, ó kéré púpọ̀, kò nílò kí a fi í sórí kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́, ó sì máa ń rántí ipò tí áíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wà, tí ẹ ó fi lè dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì tẹ apá ọ̀tún máòsì níbi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ rí i pé Auto arrange icons, tó ń to áíkọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, kò sí ní títàn lábẹ́ View.

Ìyá Oníwèé, Ìlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé NIN ẹnikẹ́ni sùn lójú kọ̀ǹpútà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, iṣẹ́ wa sì wà lára ohun tó kàn. Ẹ ṣe folder oṣooṣù sínú Documents, kí ẹ kó gbogbo fáìlì lọ síbẹ̀ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Ẹ má sì gba Fences tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń bá irú rẹ̀ wọlé. Ní ti Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Akọ̀wé Wúsè:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà, ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ ṣeun. DesktopOK ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pa fáìlì kan rẹ́ ní àṣìṣe, ṣé ó lè dá a padà pẹ̀lú ipò rẹ̀?

Olùkọ́ Jọs:
Rárá o. Ipò áíkọ́ọ̀nù nìkan ló ń fi pamọ́, kò ní ẹ̀dà fáìlì kankan lọ́wọ́. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà folder oṣooṣù yẹn sórí hard disk mìíràn tí kì í gbé inú ṣọ́ọ̀bù.