Màmá mi ti lo oṣù mẹ́sàn-án nílé, green card sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Eléèlùbọ́ (Maryland), 20 Oṣù Kẹjọ 2023

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ fi ìka àbámọ̀ bọnu nígbẹ̀yìn.

Èmi ni mo ṣe páálí, ìyẹn green card tí èèyàn fi ń gbé Amẹ́ríkà, fún màmá mi lẹ́yìn tí mo di sítísìn, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹta 2019 ni wọ́n wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n bá wa tọ́jú àwọn ọmọ, wọ́n fara da òtútù débi tí agbára wọn mọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn kú n'Íbàdàn, wọ́n ní àwọn ń lọ sìnkú, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré làwọn máa lò. 14 Oṣù Kọkànlá 2022 ni mo sìn wọ́n dé èápọ́ọ̀tù. Ìsìnkú parí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Orúnkún fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ṣí ìsọ̀ èlùbọ́ wọn ní Bódìjà. Tí mo bá ti pè, wọn á ní "oṣù tó ń bọ̀." Oṣù tó ń bọ̀ náà ti di mẹ́sàn-án báyìí.

Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní téèyàn bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ níta, páálí ti kú nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé 2029 ni wọ́n kọ sára káàdì. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé mo lè bá wọn gba re-entry permit, ìwé tó ń jẹ́ kí ẹni tó ní green card lè pẹ́ níta, láti ibí? Ọdún tó ń bọ̀ la ṣètò pé kí wọ́n gba sítísìn, ṣé ìyẹn náà ti bàjẹ́? Ẹ dákun, ẹ má bú mi.

Bàbá Òṣogbo (Atlanta)

Má dààmú ara rẹ, ọmọ mi. Ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n padà sídìí ìsọ̀ wọn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí wọ́n máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ màmá tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà (Chicago)

Bàbá Òṣogbo, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí ti kó bá ọ̀pọ̀ ìdílé tó wá sí ọ́fíìsì wa. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, fọ́ọ̀mù ni mo ń bá wọn kọ láti ọdún mọ́kànlá.

Kò sí òfin "fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà." Ibi tí ilé èèyàn wà ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà n'Íbàdàn, tó kàn ń wá kí Maryland, lè pàdánù páálí rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ju oṣù márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sì lo oṣù mẹ́wàá nítorí àìsàn tó hàn sí gbogbo ayé lè wọlé ní ìrọ̀rùn. Ohun tí 180 ọjọ́ ṣe ni pé, tó bá ti kọjá, òṣìṣẹ́ ibodè lè yẹ Màmá wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Páálí kò tíì kú. Ọdún kan ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tó bá ti ju ọdún kan lọ, káàdì yẹn kì í ṣe ìwé ìwọlé mọ́, 2029 tó wà lára rẹ̀ kò ran nǹkan kan. Ọkọ̀ òfuurufú lè kọ̀ láti gbé wọn ní Ìkẹjà. Nígbà náà, kọ́ńsúlétì Èkó ni wọ́n máa lọ tọrọ físà tí wọ́n ń pè ní SB-1, tí wọ́n á sì mú ẹ̀rí wá pé ohun tó kọjá agbára wọn ló dá wọn dúró. Ìsọ̀ èlùbọ́ kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni o.

Re-entry permit kò ṣeé gbà nígbà tí Màmá ṣì wà n'Íbàdàn. Fọ́ọ̀mù I-131 ni, Amẹ́ríkà ni Màmá gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í ránṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ṣe ìtẹ̀ka. $660 ni lọ́dún 2023 yìí, pẹ̀lú owó ìtẹ̀ka. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ka tán, wọ́n lè padà sílé, kí ìwé náà wá bá wọn ní kọ́ńsúlétì Èkó. Ọdún méjì ló máa ń ní nínú.

Nítorí náà, kí 14 Oṣù Kọkànlá má bá Màmá n'Íbàdàn.

Ti sítísìn: ọdún márùn-ún ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fi ara wọn wà ní Amẹ́ríkà fún oṣù 30 nínú rẹ̀. Àlọ tó ju oṣù mẹ́fà lọ máa ń já okùn ọdún márùn-ún náà, àyàfi tí ẹ bá lè fi hàn pé ilé wọn kò kúrò ní Maryland. Tó bá pé ọdún kan, ó já pátápátá, re-entry permit kò sì lè so ó. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ti ju 55 lọ, tó ti lo ọdún 15 pẹ̀lú green card, ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún pé kó ṣe ìdánwò náà ní èdè rẹ̀. Màmá kò tíì lo márùn-ún. Òyìnbó ni wọ́n máa sọ, ní ìlànà ọdún 2023 yìí, mẹ́fà nínú ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí màmá tèmi gan-an lọ́dún 2018. Wọ́n ti lo oṣù mọ́kànlá l'Ábẹ́òkúta. A rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò tíì pé ọdún kan, wọ́n máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n mú wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wákàtí mẹ́ta. Ilé ta lẹ̀ ń gbé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Báǹkì wo lowó yín wà? Ṣé ẹ san owó orí lọ́dún tó kọjá? Ohun tó kó bá wa jù ni tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi ọ̀mọ̀ràn ni mo ra àlọ-àti-àbọ̀ láti Èkó torí pé ó dín díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sì ni àbọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà gbé e síwájú wọn, ó ní, "Màmá, ẹni tó ń bọ̀ wá sílé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi èyí ṣe?" Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fèsì?

Ló bá gbé ìwé kan kalẹ̀. I-407 lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé wọ́n á kàn jẹ́ kí wọ́n wọlé bí àlejò. Màmá mi kò ka ìwé òyìnbó. Wọ́n rò pé ìwé ẹrù ni, irú èyí tí wọ́n ń há nínú bàlúù. Bíró ti wà lọ́wọ́ wọn! Ohun tó kó wọn yọ ni àṣà àtijọ́ wọn: wọn kì í fọwọ́ sí ohun tí ọmọ wọn kò bá tíì kà. Wọ́n ní àfi kí wọ́n pè mí. Nígbà tí wọ́n pè mí tí mo gbọ́ "I-407," mo pariwo débi tí àwọn ìbejì jí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìwé yẹn ni èèyàn fi ń dá green card padà tìfẹ́tìfẹ́. Òṣìṣẹ́ ibodè kò lè fipá mú yín kọ ọ́. Tí ẹ bá kọ̀, tí ó sì takú, kó fún yín níwèé kí ẹ lọ bá adájọ́ ìwọlé-wọ̀de ló kù. Títí adájọ́ yóò fi dá ẹjọ́, páálí yín ṣì wà. Ẹ sì lè ní kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí màmá mi ní àwọn fẹ́ rí adájọ́, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Tísà Ìkòròdú

Kí ló dé tí ẹ ò gba ìwé dókítà? Ẹ̀gbẹ̀rún díẹ̀ ni. Wọ́n á kọ ọ́ pé láti Oṣù Kejìlá ni Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Akọ̀wé Lọ́yà (Chicago)

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nírú èyí. Ẹni tó pẹ́ níta ṣì lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú ìwé mọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè tìlẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọn títí ayé, físà àlejò pàápàá yóò di ogun. Tí orúnkún bá dùn wọ́n lóòótọ́, káàdì ilé ìwòsàn á wà, fọ́tò eegun á wà, déètì á wà lára wọn. Ìyẹn ni kí wọ́n kó dání. Kí wọ́n fi ìwé owó orí kún un, àti ìwé báǹkì àti ìwé ilé tó ní orúkọ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ owó orí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń já páálí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Eléèlùbọ́ (Maryland)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni ti orúnkún, fọ́tò eegun wà nílé. Mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan.

Ó ku nǹkan kékeré kan. Màmá fáìlì I-130, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ páálí fún ẹbí, fún àbúrò mi ọkùnrin ní 2020, torí a kò lè mú un mọ́ ti Màmá nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni ọdún 26 ni. Ṣé kò sí ohun tó máa ṣe ìyẹn? Mò ń béèrè torí pé oṣù Kejìlá la fẹ́ ṣe ìdána rẹ̀, wọ́n ti ń sanwó aṣọ ẹbí.

Akọ̀wé Lọ́yà (Chicago)

Ẹ dúró ná. Nǹkan kékeré kọ́ lẹ pè yẹn o!

Ìlà tí àbúrò yín wà, F2B, ti ọmọ tí kò tíì gbéyàwó ni, tí òbí rẹ̀ ní green card. Ó gùn tó ọdún mẹ́jọ ní 2023 yìí. Tí Màmá bá pàdánù páálí, fáìlì náà kú. Tí àbúrò yín bá gbéyàwó kí Màmá tó di sítísìn, ó kú bákan náà, kò sì ní jí padà bó tilẹ̀ kọ ìyàwó lẹ́yìn ọ̀la. Sítísìn nìkan ló lè fáìlì fún ọmọ tó ti gbéyàwó, ìlà ìyẹn sì ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Bàbá Òṣogbo (Atlanta)

Ìdána kì í ṣe ìgbéyàwó! Kọ́ọ̀tù ni ìgbéyàwó. Kí wọ́n ṣe ìdána, kí wọ́n fi kọ́ọ̀tù sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú.

Akọ̀wé Lọ́yà (Chicago)

Sà, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Tí ìgbéyàwó bá ti fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é, Amẹ́ríkà gbà á. Òfin Nàìjíríà sì mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìkan, a kò lè pè é ní ìgbéyàwó, ẹbí kàn wá kí ẹbí ni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti san owó orí ìyàwó, tí ọkọ dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n fa ọmọbìnrin lé wọn lọ́wọ́, kí ló tún kù? Èèyàn á wá dé iwájú kọ́ńsúlétì, á ní òun kò tíì gbéyàwó, àwòrán òun àti ìyàwó nínú aṣọ òkè kan náà sì kún Facebook.

Àǹtí Pẹ̀kẹ́ (London)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọkùnrin ọdún 26 jókòó de ìlà fún ọdún mẹ́jọ? Ṣé ọmọbìnrin náà máa dúró ni? Àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ti ra aṣọ? Ẹ jẹ́ kó gbéyàwó rẹ̀ o.

Ìbéèrè kejì: ta ló ti bi Màmá léèrè ohun tí Màmá fẹ́? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ páálí bíi pé tiwa ni. Níbí, ọdún méjì gbáko lèèyàn lè fi wà níta kí ìwé àṣẹ ìgbé-ayé rẹ̀ tó bọ́, síbẹ̀ màmá tèmi fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè kú sínú yàrá tí wọ́n ń tanná sí lọ́sàn-án. Físà àlejò ni wọ́n fi ń wá wò wá báyìí.

Akọ̀wé Lọ́yà (Chicago)

Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà nírọ̀rùn ṣì lè béèrè físà àlejò, òótọ́ tó sọ kì í dí i lọ́wọ́.

Ọmọ Eléèlùbọ́, ìwọ náà jẹ́ sítísìn. O lè fáìlì fún àbúrò rẹ fúnra rẹ, F4 ni, ìlà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sítísìn. Ìlà yẹn kò bìkítà bóyá ó ti gbéyàwó, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ á bá a wá. Kìkì pé ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún ní 2023 yìí. $535 ni lọ́dún 2023 yìí. Ọjọ́ tí o bá fáìlì ni ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Eléèlùbọ́ (Maryland), 27 Oṣù Kẹjọ 2023

Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Wọ́n ń bọ̀ ní 2 Oṣù Kẹwàá, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan. Wọ́n gbà láti lo ìgbà òtútù kan sí i, ká ṣe I-131, lẹ́yìn náà kí wọ́n pinnu bóyá wọ́n fẹ́ dá a padà. Mo ní tí wọ́n bá bi wọ́n níbi tí ilé wọn wà ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kò ní í purọ́ fún òyìnbó kankan, pé ilé méjì làwọn ní. Mo ti wá lọ́yà tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra.

Àbúrò mi ní òun kò ní í sún ìdána síwájú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá fáìlì F4.

Ìyá Ìbejì (Houston)

Mo bá yín yọ̀. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má di pọ̀nmọ́ sínú ẹrù o, ẹran kì í wọlé. Yàrá ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n á tún mú wọn lọ.

Ọmọ Eléèlùbọ́ (Maryland)

Wọ́n ti rà á.