Géèmù ayé gbalasa yìí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àbí kí n yáa fi í sílẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò jẹ́ kí etí mi sinmi mọ́. Bá a bá ti jókòó báyìí, ọ̀rọ̀ The Witcher 3 àti Elden Ring ni: èyí ti pa ọ̀gá kan (ọ̀tá ńlá inú géèmù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), ẹṣin tọ̀hún ti já bọ́ látorí òkè. Èmi ò gbá irú ẹ̀ rí, géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀. Alẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ kékeré wà nílé, bí mo bá rí wákàtí kan sí méjì fún ara mi lójúmọ́, ọpẹ́ ni. Ṣé géèmù tí wọ́n ní èèyàn lè máa rìn kiri nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù yìí wà fún irú mi? Bó bá wà, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Mo ní ẹ̀rọ géèmù PS5, mo tún ní láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kàwé.

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà

Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín níbí. Kí wọ́n tó da orúkọ géèmù bò ẹ́ mọ́lẹ̀, dá mi lóhùn ná: bí ọmọ bá ké, kí lo fẹ́ ṣe? Mi ò ṣàwàdà o. Elden Ring ò ní bọ́tìnì tó ń dá ìjà dúró. O lè ṣí àpò ẹrù rẹ, àmọ́ ẹni tó ń lé ẹ bọ̀ ò ní dúró dè ẹ́, bó o ṣe ń wá oògùn nínú àpò ni idà á máa bọ̀ lórí rẹ. The Witcher 3 ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo nǹkan á dúró gbọnin, lọ gbé ọmọ, fún un lóúnjẹ, kó o padà wá bá ìjà rẹ níbi tó o fi í sí. Bákan náà ni Skyrim, géèmù mìíràn tó jọ wọ́n, ìyẹn tiẹ̀ tún máa jẹ́ kó o fi eré pamọ́ níbi tó bá wù ẹ́, àní bí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tó ń yin géèmù kì í sọ èyí fúnni, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lẹ́nì kankan tó ń pè wọ́n láti yàrá kejì.

Wọ́n á tún máa sọ fún ẹ bí ilẹ̀ inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Gba etí òsì, fi gba ọ̀tún jáde. Ohun tó o máa bi ara rẹ ni pé, kí ni màá máa fọwọ́ ṣe lórí ilẹ̀ náà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú? Nínú The Witcher 3, ọ̀rọ̀ ni wàá gbọ́ jù: ẹnì kan á wá rojọ́ fún ẹ, wàá yan èsì, ó lè pẹ́ gan-an kó o tó rí ohun tí èsì yẹn dá sílẹ̀, á sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìjà wà níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ rí i bí ìjà tó dùn jù láyé, àmọ́ ìtàn ló gbé géèmù náà ró. Nínú Elden Ring, ìjà gan-an ni oúnjẹ, ìtàn wà káàkiri ní wẹ́wẹ́, ìwọ lo máa ṣa á jọ. Skyrim ní tiẹ̀, rírìn ló dùn níbẹ̀. Wọ́n á rán ẹ níṣẹ́ pàtàkì pé dírágónì ń jó ìlú, wàá rí ihò àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà, wàá wọ ibẹ̀, nígbà tó o bá fi máa jáde, o ti gbàgbé dírágónì. Ẹni tí ìyẹn bá dùn mọ́ máa gbádùn ẹ̀ gan-an. Ní ti ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan ní orí àti ìdí, ó máa sú u.

Ti láptọ́ọ̀pù ìwé kíkà yẹn, gbàgbé ẹ̀. Ó kéré tán, Elden Ring ń fẹ́ ìrántí kọ̀ǹpútà (RAM) 12GB, àyè ìkópamọ́ 60GB, àti káàdì àwòrán bíi GTX 1060. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní káàdì àwòrán tiẹ̀ lọ́tọ̀ á kàn máa gbóná ni. PS5 rẹ ni kó o lò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má fi Elden Ring dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Lóòótọ́ ni pé kò ṣe é dá dúró, ṣùgbọ́n ó ń fi eré pamọ́ fúnra ẹ̀ léraléra. Bí o bá fẹ́ dìde, jáde pátá, bó o bá padà dé, ibi tó o dúró sí gan-an lo máa bá ara rẹ. Àárín ìjà pẹ̀lú ọ̀gá ńlá nìkan ni wàhálà wà. Àwọn ìbejì mi ò fún mi láyè, mo sì gbá a parí.

Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, kó o lè fi mọ irú ẹni tó o jẹ́. Bó o bá jáde kúrò nínú ihò àkọ́kọ́ bọ́ sí Limgrave, pápá tútù minimini lo máa rí, igi wúrà ńlá kan ń tàn lókèèrè, ọkùnrin kan tó gbé ihámọ́ra wúrà wọ̀ sì jókòó sórí ẹṣin, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń lọ bá a. Á sì pa wọ́n, á tún wọn pa. Àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Yà gba ẹ̀gbẹ́ igbó, má wojú ẹ̀, máa bá tìẹ lọ. Wàá máa rí àwọn ibi ìsinmi tó ń tàn yòò, bó o bá ti sinmi níbi mélòó kan, obìnrin kan á wá bá ẹ, á fún ẹ ní ẹṣin tìrẹ. Ìgbà tó o bá lágbára tó o bá padà wá bá baba oníhámọ́ra yẹn, o ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ sọ̀rọ̀.

Bí géèmù náà ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin nìyẹn: ibi tó bá le, fi í sílẹ̀, lọ wá agbára níbòmíì. Kò sí ibi tó o ti lè yan pé kó rọrùn. Ohun tó o bá kó jọ, tó jẹ́ òun ni owó, òun náà lo fi ń ra agbára, ilẹ̀ ló máa wà bó o bá kú. Bó o bá tún kú kó o tó padà dé ìdí ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí èyí bá máa bí nínú débi tó fi máa ju páàdì mọ́ ògiri, kó má ra á o. Páàdì PS5 ò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò kéré.

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin àti ikú ti di ọ̀rẹ́, kò sóhun tí mo lè sọ. Àmọ́ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tí ojú ẹ̀ ń kún fóorun, ṣé ìjà yẹn ló kù kó wá bá? The Witcher 3 ní ìpele tó rọrùn jù tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ ìtàn, èèyàn sì lè yí i padà nígbàkigbà láì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bàbá Lẹ́yìn Odi

Ẹ ti sọ̀rọ̀ géèmù tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ti àkáǹtì, ibẹ̀ ló ti máa ń dun àwa tá a kó wá sókè òkun. Orílẹ̀-èdè tó o bá yàn nígbà tó o ń ṣí àkáǹtì PlayStation ló máa wà níbẹ̀, wọn kì í yí i padà fúnni. Dísìkì tó o rà níbi tó o wà báyìí á ṣiṣẹ́, ìyẹn ò ní wàhálà. Ibi tó ti ń dìjà ni àfikún, ìyẹn apá tuntun tí wọ́n ń tà lé géèmù lórí. Àfikún Elden Ring tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2024, tí wọ́n ń pè ní Shadow of the Erdtree, bó o bá rà á látinú àkáǹtì agbègbè kan, tí dísìkì rẹ sì jẹ́ ti agbègbè mìíràn, méjèèjì lè má mọ ara wọn rí. Owó á ti lọ. Torí náà, bó o bá máa ra The Witcher 3, Complete Edition ni kó o béèrè, àfikún méjèèjì, Hearts of Stone àti Blood and Wine, ti wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì: PlayStation kì í sábà dá owó padà bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáúnlóòdù géèmù náà, àfi bó bá bàjẹ́. Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa ń jẹ́ kéèyàn tọ́ ọ wò díẹ̀: bí o kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì, tí kò sì tíì ju ọjọ́ 14 lọ tó o rà á, wọ́n á dá owó rẹ padà. Ṣọ́ra o, gbogbo ìgbà tó o fi ń yan imú àti irun fún akọni rẹ wà nínú wákàtí méjì yẹn. Steam náà máa ń jẹ́ kó o yí orílẹ̀-èdè padà bó o bá kó lọ lóòótọ́, ọ̀nà ìsanwó tó jẹ́ ti ibi tuntun náà ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ràn ẹ̀, dísìkì ló dáa jù, bí PS5 rẹ bá ní ojú dísìkì. Wàá lè tà á, wàá lè yá a. Béèrè ní ilé ìkàwé gbogbogbòò tó wà ládùúgbò rẹ náà, ọ̀pọ̀ wọn ń yáni ní dísìkì géèmù bí wọ́n ṣe ń yáni níwèé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Gbogbo yín ti ń yan géèmù fún un, ẹ ò bi í bóyá ó wù ú. Àbúrò, ṣé géèmù yìí wù ẹ́ ni àbí o kàn fẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí wàá bá wọn sọ níbi iṣẹ́? Bó bá jẹ́ èkejì, kò yẹ kó o fi oorun rẹ san án. Kí wàhálà má pọ̀, lọ sórí YouTube, má wo ìpolówó, má wo ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀gá. Wá ẹni tó ń gbá a láìsọ̀rọ̀, kó o fò lọ sí wákàtí kẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tó ti ń gun ẹṣin láti abúlé kan sí òmíràn, tó ń já ewé, tó ń tún idà ṣe. Bí ìyẹn bá mú ẹ, géèmù náà máa mú ẹ. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù, o ti rí ìdáhùn.

Ohun mìíràn ni ọmọ. PEGI 18, ìyẹn àmì pé ẹni ọdún 18 sókè ló wà fún, ni wọ́n fún The Witcher 3 àti Skyrim, PEGI 16 ni ti Elden Ring. Kò tíì pẹ́ tí The Witcher 3 bẹ̀rẹ̀ tí wàá ti rí ìhòòhò. Àsìkò tí ọmọ bá sùn ni kó o fi í sí. Ẹni tó bá ń wá èyí tí ọmọ lè jókòó tì wò láìsí ìtìjú, Breath of the Wild tó jáde lọ́dún 2017 ni mo mọ̀, àmọ́ orí ẹ̀rọ Nintendo ló wà, PS5 ò ní i.

Ẹni tó bá sì ní kó o lọ gba Genshin Impact torí pé ọ̀fẹ́ ni, rọra. Ó rẹwà, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríire ni wọ́n fi ń fa akọni tí wàá fi gbá a: èyí tó bá wù ẹ́ lè máà jáde, bí ẹní ń ta tẹ́tẹ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbowó. Mo mọ ẹni tó fi káàdì ìsanwó rẹ̀ síbẹ̀ tó di pé ọkọ ẹ̀ ló wá yọ ọ́ kúrò.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ṣe bí Àǹtí ṣe wí. Mo wo Elden Ring, àyà mi ń já lórí àga, èmi tí mi ò tiẹ̀ di páàdì mú! Ti The Witcher 3 ni mo wò tí mo gbàgbé pé mo fẹ́ sùn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan kàn ń sọ̀rọ̀ ni o. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n kọ 3 sí i lára, ṣé mo máa kọ́kọ́ gbá ti 1 àti 2?

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà

Rárá. Ti àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, ìkejì ní 2011, ẹ̀kẹta ní 2015, ọ̀pọ̀ ló sì ti ibi ẹ̀kẹta wọlé láìsí wàhálà. Kó o ṣáà mọ̀ pé Geralt ni ìwọ, iṣẹ́ rẹ ni pé kó o máa gbowó pa ẹranko burúkú, Ciri tó dà bí ọmọ fún ẹ ló sì sọ nù tó ò ń wá. White Orchard lo ti máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ kékeré ni, wọ́n fi ń kọ́ni ni. Rọra ṣe é. Ìtàn gidi wà ní Velen, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Baron, tí ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ti sá lọ. Bó o bá bá ọ̀rọ̀ ìdílé yẹn débi tó parí sí, tí kò sì mì ẹ́, pa géèmù náà tì, kò sóhun tó kù níwájú tó máa yí ọkàn rẹ padà. Ìtàn àárín rẹ̀ nìkan tó nǹkan bíi wákàtí 50, torí náà má wulẹ̀ fagbára ṣe é.

Àmì ìbéèrè wẹ́wẹ́ tó kún orí máàpù ńkọ́? Má tẹ̀ lé wọn, pàápàá àwọn tó wà lójú òkun Skellige. Àpótí inú omi ni wọ́n, ó sú èèyàn. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní kó o wá ta Gwent, eré káàdì inú géèmù náà, bá a ta.

Ìyá Ìbejì

Má bá a ta o! Á gba gbogbo wákàtí méjì rẹ.

Bàbá Lẹ́yìn Odi

Complete Edition ti PS5 wà lọ́wọ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti gbá a tán. Ṣé PS5 rẹ ní ojú dísìkì?

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ó ní i, sà. Mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.